Ìyá Àgbà Fa Okùn, Wọn Kò Mú Ẹja

Ìyá tó bí màmá mi gbé ìgbà òtútù méjì ní ìlú àwọn apẹja kan létí òkun Liguria, bí a bá sì yọ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kúrò, wọn kò fi ẹja ibẹ̀ kan ẹnu. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni mo sọ yẹn. Ọmọ Ìlàjẹ ni Ìyá Àgbà. Inú ilé onígi tó dúró lórí omi ni wọ́n bí wọn sí. Ẹja ni wọ́n jẹ dàgbà, ẹja ni wọ́n yan tà, òun náà ni wọ́n fi rán màmá mi níwèé. Bí wọ́n bá gbé ọbẹ̀ síwájú wọn tí kò sí ẹja nínú rẹ̀, wọ́n á bi ẹni tó sè é pé ta ló kú.

Ní báyìí, àwọn gan-an ló kú. Ilé wọn ni wọ́n kú sí, a kò sì sí níbẹ̀. Permesso màmá mi, ìwé àṣẹ ìgbé ìlú wọn, ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe lásìkò náà, ẹni tó bá sì jáde kúrò ní Italy láìsí i lọ́wọ́ lè má rí ọ̀nà wọlé mọ́. Àwọn ẹbí ló bá wa sin wọ́n. Àwa ṣe ìsìn ìrántí ní gbọ̀ngàn tí ìjọ wa ń yá lò ní Torino, a kọrin, a jẹ ìrẹsì, a ya fọ́tò. Ẹnì kan dìde, ó ní onísùúrù ìyá ni, oníwà pẹ̀lẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Mo wo màmá mi, màmá mi wo ilẹ̀.

Onísùúrù kẹ̀! Alágídí ni Ìyá Àgbà. Bí wọ́n bá ti ní ọ̀tún ni àwọn ń lọ, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n lọ sí òsì, àfi kó yí ilẹ̀ padà. N kò ní kọ ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fi ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, bó bá ṣe ń wá sí mi lọ́kàn. Ìtìjú pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo ń tijú nítorí wọn. Nísinsìnyí, àwa tí wọ́n wá bá ni mo ń tijú fún.

Ìyá Àgbà kì í kọjá lára ènìyàn kí wọ́n má kí i. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń wa ilẹ̀ lójú títì, tàbí ẹni tó ń nu gíláàsì ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á dúró: "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Wọ́n á sì máa dúró níbẹ̀ títí onítọ̀hún á fi dáhùn. Nínú tram ní Torino, wọ́n á kí awakọ̀, wọ́n á kí ẹni tí wọ́n jókòó tì, wọ́n á kí ẹni tó wà lẹ́yìn. Màmá mi á di ọwọ́ wọn mú, á sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí." Obìnrin kan gbé àpò rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lọ́jọ́ kan, ó gbé e mọ́ àyà. Èmi rí i, màmá mi náà rí i. A sọ̀ kalẹ̀ kí a tó dé ibi tí à ń lọ, a sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù nínú òtútù. Ìyá Àgbà ń bọ̀ lẹ́yìn wa, wọ́n ń sọ pé, "Àga nìkan ni ènìyàn ń wọlé bá tí kì í kí. Èmi kì í ṣe àga, àwọn náà kì í ṣe àga."

Èmi ni wọ́n tìtorí rẹ̀ wá sí Torino. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ turno ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rán àga mọ́tò, ọ̀sẹ̀ kan lójú mọmọ, ọ̀sẹ̀ kan lóru. Màmá mi ń tọ́jú arúgbó. Kò sẹ́ni tó máa mú mi ní ilé ìwé bọ̀. Nígbà tí ìwé ìrìnnà tí wọ́n fún Ìyá Àgbà parí, wọn kò tíì padà, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n padà. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti wọlé tì wá. Bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn líle, màmá mi á kọ́kọ́ wo ibi tí Ìyá Àgbà jókòó sí.

Scusate, ẹ má bínú, ni ọ̀rọ̀ tí màmá mi mọ̀ jù ní èdè Italy. Wọ́n lè fi bẹ ènìyàn tó tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀. Mo rántí ọjọ́ tí Ìyá Àgbà ra sadín tútù ní ọjà Porta Palazzo. Wọ́n là á, wọ́n fi iyọ̀ sí i, wọ́n sì tò ó sórí gbogbo termosifone, irin tó ń mú yàrá gbóná, tó wà nínú ilé. Wọ́n ti ń fura sí termosifone yìí tẹ́lẹ̀, wọ́n ní iná tí kò ní èéfín, kí ni wọ́n ń fi ṣe? Lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n rí ohun tí wọ́n lè fi ṣe. Kí ilẹ̀ tó ṣú, òórùn náà ti sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹta tí à ń gbé dé ẹnu géètì. Ìgbà tí màmá mi fi ti ibi iṣẹ́ dé, àwọn ará ilé ti dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n fi ọwọ́ bo imú. Scusate, scusate, títí ohùn wọn fi gbẹ. Wọ́n kó ẹja náà sínú àpò dúdú, wọ́n lọ dà á nù. Ìyá Àgbà dúró lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ń wo àpò náà bó ṣe ń lọ. "Ẹni tí òórùn oúnjẹ bá ń bí nínú," ni wọ́n wí, "ebi kò tíì pa á rí."

Signora Piera ló gbé wa dé etí òkun. Opó àgbàlagbà kan ni, ará Torino, òun ni màmá mi ń tọ́jú. Bí òtútù bá ti dé, kùrukùru Torino a máa dí i láyà. Nítorí náà, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta ló máa ń lọ gbé ní ilé rẹ̀ tó wà létí òkun, kọjá Savona. Iyàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó ní kí màmá mi mú mi wá, kí wọ́n fi mí sí ilé ìwé ibẹ̀, kí wọ́n sì mú Ìyá Àgbà dání nítorí àwọn náà ń wúkọ́. Bàbá mi dúró ti iṣẹ́ rẹ̀. Inú rere ni signora ṣe, n kò sì ní fi ìyẹn du òkú ọ̀run. Ṣùgbọ́n contratto, ìwé àdéhùn iṣẹ́ yẹn, ni permesso màmá mi so mọ́, signora mọ̀, màmá mi sì mọ̀ pé ó mọ̀.

Àwọn ìyá arúgbó méjèèjì kò gbọ́ èdè ara wọn, ìjà wọn kì í sì í tán. Signora fẹ́ kí fèrèsé wà ní títì, Ìyá Àgbà fẹ́ kó ṣí kí wọ́n lè máa gbọ́ òkun. Èkíní á fi èdè Piemonte sọ̀rọ̀, èkejì á fi Ìlàjẹ fèsì, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n gbọ́ ara wọn. Bí ìjà bá tán, wọ́n á jókòó síwájú fèrèsé náà, á ṣí díẹ̀, á tì díẹ̀, wọ́n á máa wo omi. Mo bi Ìyá Àgbà pé kí ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, "Òkun kan náà ni. Ẹnì kan ṣáà lọ dà á sínú abọ́ kékeré."

Ọ̀sẹ̀ kejì tí a dé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ìlú Ìyá Àgbà. Bí wọ́n bá da àwọ̀n ńlá, okùn méjì ni wọ́n fi ń fà á wá sí etíkun, àwọn kan ní apá kan, àwọn kan ní apá kejì. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lè fi ọwọ́ kún un, àlejò, opó, ọmọdé. Wọn kì í bi í léèrè pé ta ni. Bí àwọ̀n bá ti gúnlẹ̀, gbogbo ọwọ́ tó di okùn mú ló ní ìpín, ì báà ṣe ẹja mẹ́ta. Ẹni tó bá fa okùn tó wá lọ lọ́wọ́ òfo, aláwọ̀n ni wọ́n ń bú. Ìpín okùn yìí ni Ìyá Àgbà fi tọ́ màmá mi lẹ́yìn tí ọkọ̀ dojú dé mọ́ bàbá àgbà mi lórí. Màmá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn náà ti di okùn mú rí, nígbà tí wọn kò tíì ju èmi lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà ń sìn mí lọ sí ilé ìwé, a gba etíkun. Àwọn apẹja ń fa àwọ̀n. Berto ni olórí wọn, ọkùnrin pupa kan tó sanra, tó máa ń dé fìlà olówùú. Ìyá Àgbà dúró. Mo rí i tí ojú wọn yí padà, bí ojú ẹni tó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n kó àpò wọn fún mi, wọ́n tún ìró wọn ró sókè, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n lọ di okùn mú lẹ́yìn ẹni tó kẹ́yìn. Àwọn apẹja rẹ́rìn-ín. "Brava, nonna!" ni wọ́n ń pariwo, pé ìyá àgbà yìí mà káre o. Inú mi dùn. Àwọn apẹja fà á, Ìyá Àgbà náà fà á, wọ́n tẹ gìgísẹ̀ mọ́ òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n ń fi ohùn sí i, títí àpò àwọ̀n fi wọ́ gúnlẹ̀.

Ìyá Àgbà dúró de ìpín. Wọn kò pín. Àwọn apẹja kúnlẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹja sínú cassetta, àpótí ẹja wọn, oríṣi kan níhìn-ín, oríṣi kan lọ́hùn-ún. Ìyá Àgbà rò pé ibi yìí, kálukú ló ń mú tirẹ̀. Wọ́n tẹ́ ìborùn wọn sílẹ̀, wọ́n ṣa díẹ̀, wọn kò sì mú ńlá kankan, àwọn wẹ́wẹ́ ni wọ́n mú. Wọ́n dì í, wọ́n gbé e rù, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun o, Ọlọ́run á tún pèsè lọ́la," a sì ń lọ.

Rina, ìyàwó Berto, tó ń ta ẹja lójú pópó, ló kígbe. "Ladra! Al ladro!" Ó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn wa. Ìyá Àgbà yí padà, wọ́n rí obìnrin tó ń sáré tó ń pariwo, wọ́n rò pé ó ń dúpẹ́ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Ẹ̀yin náà, ẹ ṣeun."

Èmi gbọ́ pé olè ni Rina ń pè wọ́n. Ilẹ̀ kò lanu kó gbé mi mì.

Àwọn ènìyàn pé lé wa lórí. Ẹnì kan ní kí wọ́n pe carabinieri, àwọn ọlọ́pàá wọn. Signora Piera yọjú lójú fèrèsé, ó ń pe màmá mi: "Blessing! Sistema questa cosa, o ne prendo un'altra!" Ọ̀rọ̀ náà ni pé kí màmá mi tún un ṣe o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á gba ẹlòmíràn. Màmá mi sáré jáde pẹ̀lú epírọ́ọ̀nù lọ́rùn. Wọ́n wo ìborùn, wọ́n wo okùn tó nà sílẹ̀ létíkun, wọ́n wo ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà tó tutù. Ó yé wọn. Mo fi Ọlọ́run búra pé ó yé wọn. Gbólóhùn kan péré ni wọn ìbá sọ. Èdè Italy wọn tó o sọ.

"Scusate," ni màmá mi wí. "Scusate tanto. È malata. Non ci sta con la testa." Wọ́n sì fi ìka kan orí ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ọ̀rọ̀ náà lè tètè yé wọn, pé ara ìyá yìí kò yá, orí rẹ̀ kò pé.

Ojú gbogbo wọn rọ̀. Rina fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní "poverina", ẹni àánú. Màmá mi gba ìborùn lórí Ìyá Àgbà, wọ́n tú ẹja náà dà sínú cassetta, wọ́n di ìyá wọn lọ́wọ́ mú wọlé bí ẹni ń fa ọmọ tó ṣìnà. Ìyá Àgbà ń tẹ̀ lé wọn.

Mo máa ń rò ó pé kí ni èmi ìbá ṣe ká ní èmi ni màmá mi, tí ìwé ìyá mi ti parí, tí ìwé tèmi so mọ́ ẹnu obìnrin kan lójú fèrèsé. N kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè bá wọn jà rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tí màmá mi ń wẹ signora, Ìyá Àgbà pè mí sínú iyàrá ẹ̀yìn ilé ìdáná. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń ká ìborùn náà.

"Ẹ̀bùn, kí ni obìnrin yẹn pè mí?"

Mo yí padà sí ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ìwọ lo gbọ́ èdè wọn. Mo bi ọ́ léèrè."

"Ó ní olè ni yín, Màmá."

"Ìyá rẹ ńkọ́? Kí ni ó wí?"

Wọn kì í parọ́ fún Ìyá Àgbà. Ojú wọn kì í gbà á. "Wọ́n ní ẹ kì í ṣe olè. Wọ́n ní orí yín kò pé."

Mo rò pé wọn á sunkún, wọn kò sun ún. Wọ́n gbá ìborùn náà mọ́ àyà, wọ́n ní, "Wọ́n gbé orúkọ méjì síwájú ọmọ mi, ó bá mi mú ọ̀kan."

Lọ́jọ́ kejì, kí n tó jẹ búrẹ́dì mi tán, Ìyá Àgbà ti wà létíkun. Wọ́n di okùn mú. Àwọn apẹja wo ara wọn, ẹnì kan fi ìka kan orí, wọ́n sì jẹ́ kí Ìyá Àgbà máa fà á. Nígbà tí àwọ̀n gúnlẹ̀, Ìyá Àgbà tẹ̀ síwájú, wọ́n wo ẹja tó ń ta pọ́nhún pọ́nhún nínú àpò, wọ́n fi omi òkun fọ ọwọ́, wọ́n ní "Ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n sì wá sílé lọ́wọ́ òfo. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní ọjọ́ kẹta. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní gbogbo àárọ̀ tí òkun bá gba àwọ̀n, títí òtútù ọdún yẹn fi parí, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a padà lọ ní ọdún kejì.

Ojú ń tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ní ilé ìwé, wọ́n ń pè mí ní ọmọ ọmọ nonna matta, ìyá àgbà tó ya wèrè. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má lọ mọ́. "Nonna, basta, per favore. Tutti ridono." Wọ́n ní kí n sọ ọ́ ní Yorùbá. Mo ní gbogbo ènìyàn ló ń fi wá rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé ìṣirò: "Olè kì í padà lọ bá ẹni tó jà lólè ṣiṣẹ́. Wèrè kì í mọ ìgbà tó yẹ kó fọ ọwọ́ rẹ̀ kó máa lọ sílé. Jẹ́ kí wọ́n máa wò mí. Ojú wọn ni mo ń bá sọ̀rọ̀."

Ojú àwọn ènìyàn náà sì gbọ́ díẹ̀díẹ̀. N kò lè sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo kàn ṣàkíyèsí pé wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Berto fún wọn ní ìbọ̀wọ́ awọ, ó sì fi wọ́n sí àárín okùn dípò ìparí. Rina bẹ̀rẹ̀ sí í fi àpò ẹja kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn wa. Inú màmá mi dùn, wọ́n á dín in, wọ́n á fi ata sí i, òórùn rẹ̀ á gba ilé kan. Ìyá Àgbà á fa ẹ̀bà wọn sọ́dọ̀, wọ́n á fi ọbẹ̀ lásán jẹ ẹ́. "Màmá, ẹ̀yin! Ẹja rè é o," ni màmá mi á wí. "Kò wù mí," ni wọ́n á fèsì. Bí màmá mi bá yíjú, èmi á bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n á fọhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ìpín okùn kọ́ nìyẹn. Àánú ni. Wèrè ni wọ́n ṣe é fún, kí wèrè wá jẹ ẹ́."

Màmá mi kò mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Ohun tó le jù fún mi láti rántí nìyẹn. Lójú wọn, Ìyá Àgbà kò gbọ́ èdè, ọ̀rọ̀ náà sì ti kọjá lọ lókè orí wọn. Ìgbà tí wọ́n rí i pé ìyá wọn ń lọ fa okùn lójoojúmọ́, wọ́n bínú, wọ́n tún bẹ̀bẹ̀. "Màmá, kí ni ẹ ń wá níbẹ̀? Ẹ fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi?" Ìyá Àgbà ní, "Ara mi ń fẹ́ iṣẹ́ ni, ọmọ mi. Iṣẹ́ tìrẹ kò ní bọ́." Mo wà láàárín wọn, mo di ṣíbí mú, mo mọ ohun tí ẹnì kejì kò mọ̀. Ìgbà tó yá, màmá mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n bákan. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún bàbá mi lórí fóònù pé, "Àbí òótọ́ ni mo sọ lọ́jọ́ yẹn? Àbí orí wọn ti ń dàrú lóòótọ́?"

Ní ìparí òtútù kejì, Ìyá Àgbà ní àwọn ń lọ sílé. Bí wọ́n bá ti wí i, ó parí nìyẹn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, signora Piera kú sí Torino, màmá mi gba iṣẹ́ mìíràn, a kò sì débi òkun mọ́. Ìyá Àgbà ń fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí wa, wọ́n á kí gbogbo ènìyàn lórúkọ lórúkọ, títí kan signora, kí a tó sọ fún wọn pé ó ti lọ. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rán gbẹ̀yìn dé lẹ́yìn ikú wọn. Àwọn nìkan kọ́ ló sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, àwọn ọmọdé ń pariwo lẹ́yìn, omi sì ń ru. Wọ́n ní, "Ẹ jẹun dáadáa, ẹ má jẹ́ kí òtútù pa yín."

Ọ̀sẹ̀ kejì tí a ṣe ìsìn ìrántí wọn, màmá mi jí mi láàárọ̀ Sátidé, wọ́n ní kí n múra. A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Porta Nuova. Wọn kò sọ ibi tí à ń lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí a dé Savona tí a pààrọ̀ ọkọ̀, mo ti mọ̀. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ sí ìsìn ni wọ́n tún wọ̀.

A bá Berto létíkun, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ó ti dàgbà sí i. Ó dá wa mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì bọ́ fìlà rẹ̀ nígbà tó rí aṣọ dúdú. Màmá mi kò jókòó. Wọ́n sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti há a sórí nínú ọkọ̀. Wọ́n ní ìyá àwọn ti kú. Wọ́n ní irọ́ ni àwọn pa lọ́jọ́ yẹn, pé ìyá àwọn kò ya wèrè rí. Ní ìlú tiwa, ẹni tó bá fa okùn ló ní ìpín, ìpín yẹn ni wọ́n fi tọ́ àwọn dàgbà, àwọn sì mọ̀, àwọn kò sọ.

"Lo so, signora," ni Berto wí, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní òun mọ̀. "Me l'ha detto lei." Àwọn fúnra wọn ló sọ fún mi.

Màmá mi rò pé àwọn kò gbọ́ ọ dáadáa. "Lei chi?" Àwọn wo?

"Sua madre." Ìyá yín. Ó sì fi fìlà rẹ̀ tọ́ka sí mi. "La bambina traduceva." Ọmọ yìí ló ń túmọ̀ rẹ̀.

Màmá mi yí sí mi. Ojú wọn, n kò lè sọ bó ṣe rí. Wọ́n ní, "Wọ́n mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀ látọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, Màmá."

"Kí ni wọ́n ní kí o sọ fún un?"

Mo sọ ọ́ fún wọn níbẹ̀, ní Yorùbá, bí Ìyá Àgbà ṣe sọ ọ́. Àárọ̀ tó kẹ́yìn ni, kí a tó padà sí Torino. Wọ́n fa okùn tán, wọ́n fọ ọwọ́, wọn kò lọ. Wọ́n pè mí sọ́dọ̀ Berto. Wọ́n ní, "Sọ fún un pé mo ń lọ sílé mi. Sọ fún un pé orí mi pé. Ní ìlú wa, ẹni tó fa okùn ló ní ìpín, n kò mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ níbí." Berto bi mí pé kí ló dé tí ọmọ wọn kò fi sọ bẹ́ẹ̀ látìgbà náà. Ìyá Àgbà tẹjú mọ́ ọn. "Ẹ̀rù ló bà á. Sọ fún un kó má fojú burúkú wo ọmọ mi. Ọmọ tí ń wá oúnjẹ nílẹ̀ onílẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde ló jẹ́ tirẹ̀. Bí ìtìjú bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, èmi ni mo bí i, kó wà lára mi." Berto bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí àpò àwọ̀n, ó ṣa ẹja mẹ́ta, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Ìyá Àgbà gbà á. Bí a ṣe ń lọ sílé, wọ́n ní, "Kò gbọdọ̀ dé etí ìyá rẹ. Bó bá mọ̀ pé mo gbọ́, kò ní lè wo ojú mi mọ́."

Màmá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìgbé ojú kúrò lára mi. "Ẹja tí wọ́n dín fún mi lọ́jọ́ yẹn," ni wọ́n wí, "mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí wọ́n jókòó tì mí tí mo fi jẹ ẹ́ tán."

"Òun ni, Màmá."

Wọ́n jókòó sórí òkúta wẹ́wẹ́ náà pẹ̀lú aṣọ ìsìn wọn. Berto rọra lọ sẹ́yìn, ó fi wá sílẹ̀. Nígbà tí màmá mi sọ̀rọ̀, òkun ni wọ́n kọjú sí, kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

"Wọn ìbá bú mi," ni wọ́n wí. "Ká ní wọ́n bú mi ni, ǹ bá ti bẹ̀ wọ́n."